Kíkó Ẹrù Kọ́ Ni Kíkọ Ọkọ

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Màmá ń kí yín, orúnkún wọn ti ń san. Ọkọ mi náà ń kí yín. Ẹ gbọ́ o: ọkọ mi! Ayọ̀ ò jẹ́ kí n jókòó.

Ní kóòtù, kí a tó buwọ́ lùwé, akọ̀wé bi mí bóyá mo ti lọ́kọ rí. Mo rántí yín, pé ọdún kẹfà rèé tí ẹ ti kẹ́rù kúrò lọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn, mo sì bi akọ̀wé bóyá ìyẹn ti tó. Ó rẹ́rìn-ín: "Ìyàwó, kíkó ẹrù kọ́ ni kíkọ ọkọ. Kóòtù ló ń tú ìgbéyàwó ká."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ìwé ìgbéyàwó àtijọ́ lọ bá lọ́yà ná, kí télọ̀ tó fẹ́ fẹ́ yín tó mú yín lọ buwọ́ lùwé.

Ọlọ́run á jẹ́ kó yá. Bírò tí mo lò, mo ti fi pamọ́ dè yín.

Àbúrò yín, ìyàwó tuntun.