Àsíá fún Ọjọ́ Òjò Àkọ́rọ̀

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ọyẹ́. Ìyá mi, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ìyá àgbà, ẹ kú ìdí iná. Bọ̀dá Délé, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ̀yin kátíkíìsì tí ẹ ń kà á, ẹ kú ohùn o. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fo ibì kankan.

Lẹ́tà méjì ni mo ti fi rán awakọ̀ lọ́rí sí yín ní Imeri, Bàbá. Èsì tó mú wá ni pé ẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà wọ́n, pé ẹ ní ọmọ tó bá fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ mọ ọ̀nà ilé. Ìdí nìyí tí mo fi kọ eléyìí sínú ìwé ìròyìn. Mo mọ̀ pé kátíkíìsì máa ń kà á sókè lábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ìlú ló sì máa ń gbọ́. Ẹ dárí jì mí. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Mo gbọ́ ohun tí ẹ wí. Ẹ ní nígbà tí ẹ ra maṣíínì ìránṣọ fún mi, aṣọ iléèwé ni ẹ ní kí n máa rán, kì í ṣe aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò ní wọ̀. Ẹ ní bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, Bọ̀dá Délé yóò wọ lọ́rí wá sí Ọ̀wọ̀, yóò gbé maṣíínì, yóò sì mú èmi náà bọ̀ wálé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí púpọ̀. Mo sunkún fún odidi ọjọ́ kan, mo sì padà sídìí iṣẹ́ mi.

Kì í ṣe pé ilé kò wù mí. Ọ̀dọ̀ Ìyá Ràfátù ni mo gba yàrá sí, mùsùlùmí kan tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì láàrin ìlú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, bí mo bá ti la ẹnu ni àwọn ọmọ ilé ń fi ohùn mi rẹ́rìn-ín, èmi náà kì í sì í gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń wí. Ọyẹ́ ti la ètè mi, òwú gbígbẹ ń já mọ́ mi lọ́wọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, bí n kò bá rí ẹni tí a ó jọ fọwọ́ bu oúnjẹ nínú àwo kan, àárò yín máa ń sọ mí.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ àsíá ṣe bẹ̀rẹ̀. Iléèwé kan ní kí n rán àsíá kéékèèké fún àwọn ọmọ tí yóò yan lọ́jọ́ Ẹ́ḿpáyà, ọjọ́ tí wọ́n fi ń yẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì sí. Nígbà tí mo parí, àgékù aṣọ pupa àti búlúù kún ilẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ewúrẹ́ Ìyá Ràfátù bí mẹ́rin. Mo fi àgékù náà gé àwòrán ewúrẹ́ kan àti ọmọ mẹ́rin, mo rán wọn mọ́ aṣọ funfun, mo sì ta á sórí igi ní àgbàlá. Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín títí, ni aládùúgbò bá ní kí n rán ti òun. Ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe fẹ́ àsíá fún ọjọ́ tó pé ọdún kan tí òun já sódò tí òun kò kú. Ọdẹ kan fẹ́ tirẹ̀ fún ajá tó sọnù tó sì padà wálé. Àwọn tí ọjọ́ ìbí wọn wà nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì náà ń wá. Bàbá, wọ́n ń sanwó.

N kò ní purọ́ pé gbogbo rẹ̀ ló dùn. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù kan ní kí n rán àsíá fún ìyá òun tó pé àádọ́rin ọdún. Gèlè ni wọ́n fi mọ obìnrin yìí káàkiri, nítorí náà mo rán ojú rẹ̀, mo sì wé gèlè pupa gàgàrà lé e lórí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo lọ ta á sójúde wọn. Àṣé mo ti gbàgbé pé ìgbà ọdún Igogo ni, tí ọkùnrin kì í dé fìlà, tí obìnrin kì í wé gèlè ní gbogbo Ọ̀wọ̀. Èmi fúnra mi, orí ṣíṣí ni mo fi ń so okùn. Mo ṣí tèmi, mo wá wé gèlè fún àsíá!

Kò pẹ́ tí àgbà méjì fi dé. Wọ́n wòkè, wọ́n béèrè ta ni obìnrin tó ga ju gbogbo ìlú lọ tó ń wé gèlè nígbà Igogo. Akọ̀wé ní mo ti dójú ti ìyá òun lọ́jọ́ ńlá rẹ̀, kí n kó ẹrù mi. Ó ṣe mí bíi kí n wọ lọ́rí wálé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì, mo ní kí wọ́n fún mi di ọ̀sán. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọn, mo fi abẹ́rẹ́ tú gèlè náà kúrò díẹ̀díẹ̀, mo wá fi òwú dúdú di ṣùkú sí orí náà. Nígbà tí àsíá padà gòkè, màmá arúgbó yẹn fọwọ́ kan orí ara rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìyá òun ṣe máa ń dirun fún òun ní kékeré. Ó bú sẹ́kún. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà méjì náà ní kí n bá òun rán ti ọmọ-ọmọ òun. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi nìyí. Aṣọ iléèwé, mo ṣì ń rán an, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tí yóò sunkún nítorí rẹ̀, àfi ọmọ tó bá ya tirẹ̀.

Ẹ ó rántí pé nígbà tí mo wálé jẹ iṣu tuntun, mo bi yín léèrè ọjọ́ ìbí yín. Ẹ ní ta ló ń kọ irú ìyẹn sílẹ̀. Mo lọ bá Ìyá àgbà nídìí iná. Wọ́n ní ọ̀nà oko ni àwọn bí yín sí, ìdí nìyí tí ẹ fi ń jẹ́ Abíọ́nà. Wọ́n ní òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà ló ká àwọn mọ́ ibẹ̀, omi òjò yẹn ni wọ́n sì fi wẹ̀ yín. Nítorí náà a mọ̀ ọ́n, Bàbá. Kò sí nínú ìwé kankan, òjò ló ń mú un wá lọ́dọọdún.

Mo ti rán àsíá yín. Ọ̀nà oko pupa tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú agbọ̀n kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọwọ́ ọmọ jòjòló ń yọ láti inú rẹ̀, òjò búlúù sì ń rọ̀ lé e.

Ẹ rán Bọ̀dá Délé wá bí òjò bá rọ̀. N kò ní sá. Yóò bá maṣíínì lórí tábìlì, yóò sì bá àsíá tí mo ká lé e. Àsíá nìkan ni n ó jẹ́ kó gbé. Kí ó ta á sójúde wa, kí ẹ jáde wò ó. Bí ẹ bá wò ó tán tí ẹ ṣì fẹ́ maṣíínì, kí ẹ̀yin fúnra yín wá mú un. N ó gún iyán dè yín, n ó sì máa rán aṣọ lọ bí ẹ bá ti ń jẹun.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Kí òjò tètè rọ̀, kí ó má ba ilé jẹ́, kí ó má ba oko jẹ́.

Èmi ni ọmọ yín tó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí yín,
Wúràọlá.