Omi Inú Abọ́ Idẹ

Glasgow,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì.

Ìyá Dayọ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ààrò ẹja, ẹ kú ìfaradà èéfín. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ara líle, kí ikọ́ yín sì ti rọlẹ̀. Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ ò gbé e. Ẹ ò jẹ̀bi. Mo bẹ Dayọ̀ kó ka èyí fún yín. Bí Yorùbá mi bá ṣì ń kọsẹ̀, ẹ fara dà á.

Ẹ mọ̀ pé ewédò ni mò ń kọ́ nípa rẹ̀ níbí, àwọn ohun tíntìntín tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé. Wọ́n nílò irin àti bàbà, ṣùgbọ́n bíńtín ni. Bí irin bá wọ́n, àwọ̀ wọn á ṣí. Bí bàbà bá pọ̀ jù, wọn ò ní dàgbà, wọn á pọ́n bí ewé tó fẹ́ já.

Ohun tí mo rí nínú omi odò Etikan, ìlú yín, tí mo gbé wá síbí nìyẹn. Ewédò inú rẹ̀ pọ́n, bàbà sì kún omi náà. Kí n tó bi ẹnikẹ́ni léèrè, mo ti fi ohùn ránṣẹ́ sórí wasáàpù ẹbí pé kí wọ́n má jẹ ẹja odò yín mọ́.

Mo gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Àwọn oníbàárà láti Òde Ugbò yí ọkọ̀ padà. Nàfísàt, tó ti ń ra edé lọ́wọ́ yín láti ọdún mẹ́wàá, dúró nínú ọkọ̀ tiẹ̀, ó ní, "Ìyá Dayọ̀, ẹ kọ́kọ́ jẹ tiyín ká wò ó." Ẹ jẹ ẹ́ lójú gbogbo wọn. Wọn ò sì rà á.

Ìyá, kò sí nǹkan kan tó ṣe odò yín. Ìgò oníke ni ilé ìwé fún mi láti fi bu omi. Àmọ́ ẹ ní ọmọ tó ti òkèèrè dé kì í fi ike bu omi ilé ìyá rẹ̀. Ẹ gbé abọ́ idẹ Ìyá Àgbà jáde, ẹ sì fọwọ́ ara yín bu omi náà lábẹ́ ilé yín tó dúró lórí odò. Ojú tì mí láti kọ̀. Omi sùn mọ́jú nínú abọ́ kí n tó dà á sí ìgò. Bàbà wà nínú idẹ. Ara abọ́ ló ti wọnú omi. Ẹ fẹ́ dá mi lọ́lá ni. Èmi ni mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ, tí mi ò sọ.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Dayọ̀ ki ọ̀kan nínú àwọn ìgò oníke náà bọ odò lọ́jọ́ náà, mo sì gbé òun náà wá. Oṣù kan gbáko ni mi ò fọwọ́ kàn án, nítorí mo ti ń fura, olùkọ́ mi sì ti yìn mí nítorí bàbà tí mo rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo tó gbin ewédò sínú rẹ̀. Ewédò náà tutù yọ̀yọ̀, kò pọ́n rárá.

Mo ti jẹ́wọ́ fún olùkọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí Dayọ̀ ka lẹ́tà yìí sókè ní èbúté, kó sì dárúkọ mi. Kí Olúwa má jẹ́ kí iná ààrò yín kú, kí àwọ̀n má wọlé lófìfo.

Èmi ni ọmọ àbúrò yín tó ṣẹ̀ yín,
Àràmídé.

Àfikún: Mo fi ohùn míì sórí wasáàpù ẹbí láàárọ̀ yìí pé odò yín mọ́, èmi ni mo ṣì í, wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ sí Nàfísàt. Ó ní òun á wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ó wá bi mí pé, "Edé tó ti bà jẹ́ mọ́ Ìyá Dayọ̀ lọ́wọ́ ńkọ́, ìwọ ọmọwé?"