Ìyá Tó Ń Gbé Létí Adágún

Ẹ kú ilé o, Màámi, ẹ sì kú ojú lọ́nà mi. Láti Kubwa níbí, mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀yin àti Bàbá. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Sìkírù àti ìyàwó wọn. Ṣé ara yín le?

Ó rẹ èmi o. Láti àárọ̀ ni mo ti ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Iná ò sí, ooru ṣọ́ọ̀bù ò jẹ́ kéèyàn mí kanlẹ̀, bí mo bá sì délé, ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo fẹ́ sọ. Mo ti bá Bùkár lọ sí ìlú wọn.

Ẹ má bínú pé mi ò sọ kí n tó lọ. Nígbà tí mo ní òun ni mo fẹ́ fẹ́, ẹ ní ẹ ò bímọ kí ẹ wá fi í fún iyanrìn. Ó dùn mí, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló bà yín. Ni mo bá ní kó mú mi lọ kí n fojú ara mi rí i.

Ọ̀nà Yóbè jìn, Màámi. Igi tán, koríko tán, ó wá ku iyanrìn nìkan, ẹsẹ̀ mi ń rì. Mo ti ń rò ó pé òótọ́ lẹ sọ. Bí a ṣe gun òkè iyanrìn kan báyìí, mo wo ìsàlẹ̀, adágún ni mo rí! Omi tẹ́ rẹrẹ, igi dàbínù yí i ká, màlúù ń mu níbẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ sórí iyanrìn, mò ń wò ó.

Etí omi la ti bá ìyá rẹ̀, ó ń ha káún, irú èyí tí ẹ máa ń fi sẹ̀wà. Ó dì mọ́ mi. Bùkár ló ń túmọ̀ fún wa. Ìyá nawọ́ sí igi gbígbẹ kan lókèèrè, ó ní ibẹ̀ ni omi dé nígbà tí òun wọlé ọkọ. Iyanrìn ń gbà á lọ́dọọdún. Mo rò pé á ní ká wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ó ní rárá o, kí n mú ọmọ òun lọ, kí n má jẹ́ kó padà wá gbé ayé lé omi tó ń gbẹ lọ. Ó pẹ́ kí Bùkár tó lè túmọ̀ ìyẹn fún mi.

Mo bi ìyá pé òun fúnra rẹ̀ ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti dàgbà jù láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé níbòmíràn.

Màámi, ìyá kan ti yọ̀ǹda ọmọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ́mọ mìíràn lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn Iléyá, Bùkár àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń bọ̀ wá kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa, ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà agboolé.

Èmi ni ọmọ yín tí ń retí èsì,
Rìsíkátù