Ọ̀rọ̀ Ìkéde Ọmọ Wa Nínú Ìwé Ìròyìn Yín

Abà Olókùúta,
Lọ́nà Ìdó,
Ìbàdàn.

Títílọpẹ́ ọmọ mi, Àdùkẹ́ mi,

Mo mọ̀ pé bí o ṣe rí ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ yìí, o ti kúnlẹ̀ kí mi nínú ọ́fíìsì yín ní Dùgbẹ̀, nítorí náà dìde, ọmọ mi, má jẹ́ kí aṣọ iṣẹ́ rẹ dọ̀tí. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ilé tí o gbà sí Challenge kò jò mọ́? Olúwa kò ní jẹ́ kí o rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ojú rere ọ̀gá rẹ kò ní kúrò lára rẹ, àmín. Ẹsẹ̀ bàbá yín ṣì ń dùn wọ́n. Ewúrẹ́ wa ti bí ìbejì, atẹ́gùn sì ti ṣí òrùlé ilé ìdáná wa, a kàn fi pákó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀ ni. Mi ò tiẹ̀ mọ ìdí tí mo fi ń sọ ti ewúrẹ́, ọkàn mi ò sí lọ́dọ̀ ewúrẹ́. Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ ni mo fẹ́ sọ, mo kàn ń yí i po bí ẹni tó fẹ́ gbé ìkòkò gbígbóná ni.

Láti ìgbà tí onílé rẹ̀ ní Agbowó ti da ẹrù rẹ̀ síta, tí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń bá àwọn ọmọ yunifásítì tẹ ìwé sì wà ní títì, tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi. Ìwọ lo ní ká jẹ́ kí ilé iṣẹ́ yín kéde rẹ̀, o sì fi fọ́ọ̀mù elédè òyìnbó ránṣẹ́, Tíṣà Fadékẹ́mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ abà ló kà á fún wa. Fọ́ọ̀mù yẹn béèrè ọ̀rọ̀ ju ọlọ́pàá lọ. Ó béèrè pé báwo ni a ṣe jẹ́ sí ẹni tó sọnù, mo ní kí tíṣà kọ ọ́ pé a kò jà rí, àfi ìgbà kan tó da epo mi nù, mo sì ti dárí ìyẹn jì í. Tíṣà ní ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá èmi ni ìyá rẹ̀. Mo ní ṣé wọn ò rí imú rẹ̀ nínú àwòrán tí a fi sí i ni, kí wọ́n wá wo tèmi.

Nígbà tó kan ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, tíṣà gbé bírò sókè, ó wo ojú mi, èmi náà wo ojú bàbá yín. Bàbá yín ní kí ló dé tí a fi ń wo àwọn, ṣé Simon tí àwọn fọwọ́ ara àwọn gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni a fẹ́ sọ di obìnrin mọ́ àwọn lọ́wọ́. Wọ́n ní kí tíṣà kọ ọkùnrin, kó kọ Simon, wọ́n sì tẹ ìka. Àwòrán tó yà lọ́jọ́ tó jáde ìwé mẹ́wàá ni wọ́n mú, èyí tó ti wọ bùbá àti ṣòkòtò, tó dé fìlà, tí irunmú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ìwọ mọ̀ mí, èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, ọjọ́ tó yẹ kí n sọ̀rọ̀ gan-an ni mo dákẹ́.

Lẹ́tà tí o wá kọ tẹ̀lé e ni kò jẹ́ kí n sùn. O ní o sọ fún ọ̀gá yín, Ọ̀gbẹ́ni Ṣàmsúdéènì, pé ẹni tí ẹ fẹ́ kéde yìí ti ń jẹ́ Ẹwàolúwa ọjọ́ ti pẹ́, pé gèlè ló ń wé, pé obìnrin ni gbogbo Agbowó mọ̀ ọ́n sí, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì lo àwòrán tó wà nínú fóònù rẹ. Wọ́n ní rárá, òfin ilé iṣẹ́ yín ni pé ohun tí ìdílé bá fọwọ́ sí ni ẹ ń tẹ̀, pé bí ìwé ìròyìn bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọmọ ọlọ́mọ di obìnrin, bàbá ọmọ lè gbé e lọ sí kóòtù, àwọn òǹkàwé á sì máa bú yín. O ní àwọn kan gbè ọ́ lẹ́yìn, àwọn kan ní ọ̀gá ló tọ̀nà, àwọn kan sì ní kí ẹ má kọ ọkùnrin, kí ẹ má kọ obìnrin, kí ẹ kàn kọ ọ́ pé à ń wá ẹnìkan. Ọmọ mi, ta ni yóò báni wá ẹnìkan? Gbogbo Ìbàdàn ló kún fún ẹnìkan. O ní ohùn rẹ ròkè níbi ìpàdé yẹn, wọ́n sì mú ọ kúrò nídìí ìròyìn, ìpolówó ọjà ni o ń yẹ̀ wò báyìí.

Mi ò bínú sí ọ̀gá yín. Ẹni tó ń tẹ̀wé fún odidi ìlú, ó yẹ kó bẹ̀rù ẹnu ìlú. Ìdí nìyẹn tí mo fi di iṣu ránṣẹ́ sí wọn, kí ọkàn wọn lè rọ̀ sí ọ, àfi bí o ṣe ní wọ́n dá a padà, pé oníròyìn kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ní ọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀. Irú òfin wo tún nìyẹn? Iṣu kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀, iṣu ni. Ẹrù aṣọ tó wà pẹ̀lú rẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀gá yín o, àbúrò rẹ ló ni ín. Mo rò pé bí ẹ bá ti kéde ènìyàn, tí wọ́n bá rí i, ọ́fíìsì yín ni ẹ máa ń fi í sí títí àwọn ará ilé rẹ̀ yóò fi wá gbà á, bíi ti ẹrù tó ṣubú nínú mọ́tò. Mo ní kó lè rí nǹkan pààrọ̀. Ṣòkòtò ni mo kọ́kọ́ dì, nítorí pé bàbá yín ń wò mí. Nígbà tí wọ́n wọlé, mo ki ìró mi kan sí abẹ́ rẹ̀.

Orúkọ tí ẹ ń jà lé lórí yẹn, kì í ṣe pé ó jí i gbé. Ìyá bàbá yín ló sọ ọ́ ní Ẹwàolúwa lọ́jọ́ ìkómọ, wọ́n sọ owó sínú abọ́ bí gbogbo àgbà ṣe ń ṣe, wọ́n pè é sókè, a sì ṣe àmín. Ti bàbá yín ló kàn borí. Títílọpẹ́, mi ò ní tàn ọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi tán. Mo bí ọkùnrin, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́, mo mọ ohun tí mo wẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó wá kẹ́yìn, tí bàbá yín rí gèlè lórí rẹ̀ tí wọ́n wọ yàrá ti ilẹ̀kùn, ó wá jókòó tì mí nílé ìdáná, ó ní ìyá òun, òun ò sí nínú ẹni tí ẹ ń pè. Mi ò mọ ohun tí ìyá ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe. Mo bu ọbẹ̀ kún ọbẹ̀ rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fọ abọ́, ó ní kí n bá òun kí bàbá, ó lọ.

Ìkéde náà jáde bí bàbá yín ṣe fẹ́ ẹ. Tíṣà rà á wá fún wa, bàbá yín gé e, wọ́n fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀. A dúró, a dúró. Lọ́jọ́ kan fóònù tíṣà dún, nítorí nọ́ńbà rẹ̀ la fi síbẹ̀. Ọkùnrin kan ní àdúgbò Ṣàngó ló ń pè, ó ní àwọn ti rí ọmọ wa, géńdé ọkùnrin, ó ga, ó pupa díẹ̀, ó ní àpá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ ọ́, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn ló ń sùn, kò sì lè sọ orúkọ ara rẹ̀. Áà, Títílọpẹ́! Bàbá yín tí kò lè rìn dé ìdí ọsàn, o yẹ kí o rí wọn. Wọ́n wọ aṣọ ìsìn, wọ́n mú fìlà tuntun kan dání fún Simon, wọ́n ní kí n pa adìyẹ. Mo pa á. Mo ń pa á lọ, mo ń kọrin.

Bàbá yín nìkan ló sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà nígbà tí wọ́n padà dé. Mi ò tíì bi wọ́n léèrè tí wọ́n ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní ọmọ ọlọ́mọ ni. Ọmọ náà ga, ó pupa, ó ní àpá níbi tí a ní ó wà gan-an, ọkàn rẹ̀ ló ti dàrú, ìyà sì ti jẹ ẹ́. Bí ó ṣe rí wọn, ó di ọwọ́ wọn mú, ó ń pè wọ́n ní bàbá òun, kò fẹ́ fi ọwọ́ yẹn sílẹ̀. Wọ́n ra búrẹ́dì fún un, wọ́n dé fìlà yẹn sí i lórí. Wọ́n ní àwọn ará Ṣàngó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ níwájú àwọn, wọ́n ń ka gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ìkankan tí kò bá ọmọ yẹn mu. Bàbá yín wá ní àwọn èèyàn yẹn ò ṣe àṣìṣe kankan, pé ẹni tí àwọn ní kí wọ́n bá àwọn wá náà ni wọ́n bá àwọn wá. Wọ́n sì bú sẹ́kún. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, mi ò rí omi lójú wọn mọ́. Adìyẹ yẹn wà nínú ìkòkò títí ó fi bà jẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ wọ́n pè mí, wọ́n ní báwo ló ṣe rí báyìí. Mo ní ta ni. Wọ́n ní ẹni tí mò ń bu ọbẹ̀ fún. Mo ní ó ti tín-ín-rín sí i, ó ń lé tìróò, gèlè rẹ̀ máa ń tẹ̀ sí ọ̀tún bíi ti ìyá wọn. Wọ́n ń bi mí lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà ìlú tí kò dé rí. Wọ́n ní kí tíṣà mú fọ́ọ̀mù mìíràn wá, kó kọ Ẹwàolúwa, kó kọ obìnrin, kó kọ gèlè. Wọ́n ní àwọn ò lè fi ẹnu àwọn pè é, pé ẹnu àwọn wúwo, ṣùgbọ́n kó wà nínú ìwé. Mo rán wọn létí pé bí ìwé ìròyìn yẹn bá dé abà, ṣọ́ọ̀ṣì yóò gba ipò díákónì lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ipò díákónì kò pe àwọn ní bàbá rí. Wọ́n tẹ ìka.

Fọ́ọ̀mù náà ló wà nínú ìwé yìí. Mú un fún Ọ̀gbẹ́ni Ṣàmsúdéènì, kí o kí wọn dáadáa, má pariwo mọ́ wọn o, sọ fún wọn pé òfin wọn kò yẹ̀, ìdílé ló fọwọ́ sí i. Àwòrán inú fóònù rẹ ni kí wọ́n lò. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kéde ọmọ Ṣàngó náà, kí wọ́n kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, ìyá kan wà níbì kan tí kò jẹun.

Bàbá yín kò fẹ́ kí ìwọ sanwó ìkéde yìí, ṣùgbọ́n wọn ò lówó, nítorí náà fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ Ikhlas oní-POS, wọ́n á san án lọ́wọ́ ara wọn kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Fi owó ìpara ẹsẹ̀ wọn kún un. Sọ fún báńkì kí wọ́n fún un ní owó tuntun, Ikhlas máa ń fún wa ní èyí tó ti ya. Olúwa tó ń ṣọ́ aláìnílé yóò ṣọ́ àbúrò rẹ níbikíbi tó bá sùn. Yóò ṣọ́ ìwọ náà. Ilé yìí kò ní di ahoro, ẹ ó pàdé ara yín láàyè, èmi yóò sì fojú mi rí i, àmín.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí bàbá yín ní kí n má gbàgbé. Èyí tó jáde níjelòó, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé ìdílé rẹ̀ ń wá a. Wọ́n ní kí ẹ yọ ìdílé kúrò, kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé bàbá rẹ̀ ló ń wá a. Wọ́n ní pé ìyá ń wá a, ó ti mọ ìyẹn láìjẹ́ pé a kọ ọ́. Pé bàbá ń wá òun ni kò mọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.