Kòtò Tí Mo Ń Gbẹ́ fún Àna Mi

Olóòtú wa, ẹ kú ètò o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi; Sakété kò tóbi.

Mo ka ìwé ìtàn àròsọ Faransé kan nípa àwọn tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí bọ́ǹbù átọ́míìkì jó ayé. Mo sọ ọ́ fún bàbá àfẹ́sọ́nà mi ní Ita-Djèbou.

"Ta ló yè é?"

"Àwọn tó sá sí abẹ́ ilẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó dáa. Ọ̀wẹ̀ àna tìrẹ nìyẹn. Gbẹ́ irú kòtò bẹ́ẹ̀ fún mi kí o tó gbé ọmọ mi níyàwó."

Kòtò náà ti mù mí dé àyà. Bàbá gbà pé òótọ́ ni; bí mo bá wá sọ pé ìtàn àròsọ lásán ni, wọn kò ní fi ọmọ fún òpùrọ́. Ṣùgbọ́n bí ààrá bá ti sán báyìí, èmi gan-an ni mo ń yára gbẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n dáwọ́ dúró ni, àbí kí n gbẹ́ yàrá kan kún un fún ìyá mi?

Èmi, ọkọ ìyàwó inú kòtò.