Iṣẹ́ Abẹ Inspẹ́kítọ̀

Ọjọ́ Ajé, 4 November 2024
Wọ́n la Inspẹ́kítọ̀ níkùn lónìí. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì Bánjí ni — ẹranko tẹ́ẹ́rẹ́, bí ọ̀kẹ́rẹ́ tí wọ́n fà gùn. Èmi ni mo fún un lórúkọ yẹn: bí àwọn inspẹ́kítọ̀ tó máa ń wá sí ilé-ìwé wa láyé ọjọ́sí, kò sí ibi tí kì í tọ imú bọ̀, kò sì sí ohun tó ń tún ṣe. Dókítà ẹranko fi ohun tó dí i nífun hàn mí. Rọ́bà kékeré kan, ti earphone Bánjí. Láti March tí ọmọ wa náà ti kú, èmi àti ìyàwó mi kò tíì lè wọ yàrá rẹ̀. Inspẹ́kítọ̀ wọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Kò jẹun. Mo lọ ẹran adìẹ kúnná, mo ń fi sìríńjì kán an sí i lẹ́nu. Ó ń wò mí bí ẹni tí mo fún ní ìdánwò tí kò kàwé fún. Nírọ̀lẹ́, báńgà tí àwọn Òyìnbó máa ń yìn ní ọjọ́ òní lọ́dọọdún ń dún káàkiri Peckham, ní London níbí; Inspẹ́kítọ̀ ń gbọ̀n. Mo gbé e mọ́ àyà. Magdalene, ìyàwó mi, dúró lẹ́nu ọ̀nà: “Eku lẹ gbé mọ́ra báyẹn?” Ó wọlé lọ, ó mú ṣáàlì rẹ̀ wá, ó jù ú sí mi lára.

Ọjọ́rú, 6
Ó jẹ ṣíbí kan! Ó kù díẹ̀ kí n pe àwọn oníròyìn.

Ọjọ́bọ̀, 7
Àbúrò mi Olúbáyọ̀ wá — ẹ jọ̀ọ́, Senior Apostle Olúbáyọ̀. Oyè rẹ̀ gùn ju sùtánà rẹ̀ lọ. Ó bá mi níbi tí mo ti ń wo ojú abẹ. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò rí ọmọ èèyàn tọ́jú ni?” Ó sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tó sọ. Nígbà tó ń lọ, mo rí i tó wọ́n omi àdúrà sí àgò ẹranko náà. Ó rò pé n kò rí òun.

Òun ló ṣáájú àwọn ará ìjọ lọ sin Bánjí. Òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ, wọn kì í sì í fi sàréè hàn án. Àṣà wa ni, mo mọ̀, mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn rí. Yàrá ìjókòó yìí ni èmi àti Magdalene wà lọ́jọ́ náà, àwọn ìyá ìjọ ń ṣọ́ wa bí ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó pè mí ní Bàbá Bánjí mọ́. “Bàbá.” “Sà.” Magdalene gan-an: “Ẹ gbọ́.” Bí ẹni tó ń pe kọ̀ńdọ́kítọ̀.

Àbámẹ́ta, 9
Inspẹ́kítọ̀ dìde. Ó jí ìbọ̀sẹ̀ mi kan gbé. Ara ti ń yá.

Àìkú, 10
Àárọ̀ — ó ń bì, dúdú. A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Magdalene wọ bọ́ọ̀sì tẹ̀lé mi. N kò pè é. Ibi tí wọ́n rán ti tú nínú. Kò sí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, arúgbó ni, kò lè gba abẹ mìíràn. Dókítà ní ohun tó kù ni kí àwọn gún un lábẹ́rẹ́ kó sùn lọ. Magdalene na ọwọ́: “Ẹ gbé e fún mi.” Ọwọ́ rẹ̀ ló kú sí. Wọ́n béèrè pé ṣé kí àwọn bá wa palẹ̀ òkú rẹ̀ mọ́.
“Rárá o,” ó ní. “Èyí, àwa la máa sin ín.”

Ọjọ́ Ajé, 11
Òjò winniwinni. Ọgbà ẹ̀yìn ilé. Mo gbẹ́ ilẹ̀, Magdalene gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ mi, òun náà gbẹ́ ẹ. Ṣáàlì rẹ̀ ló fi wé e. Nígbà tí a bò ó tán, ó kúnlẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ iyẹ̀pẹ̀ náà, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́. Kò wo ojú mi.
“Bàbá Bánjí.”
Mo dáhùn.
“Ẹ pe Olúbáyọ̀. Ẹ ní kó sọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ síbi tí wọ́n sin ọmọ wa sí fún wa.”