Mo Rí Ìsàlẹ̀ Bàtà Rẹ Nínú Fọ́tò

Àbígbẹ̀yìn mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé ara le, ṣé òtútù ibẹ̀ ti ń mọ́ ọ lára díẹ̀díẹ̀? Ọlọ́run ò ní fi ọ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ àjèjì. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ síbí pé orúnkún òun ti ń sàn, kí o má dààmú, àmọ́ kí o má gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Àǹtí télọ̀ tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi ló máa fi fóònù ya lẹ́tà yìí kó tó fi ránṣẹ́ sí ọ, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ ńláńlá, nítorí ọ̀nà jìn, mi ò fẹ́ kó ti ṣá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Gbogbo ohun tí o sọ nípa ọjà ibẹ̀ yé mi. O ní bí èèyàn bá ra búrẹ́dì kan, wọ́n á fi ọ̀kan sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ mi, mo mọ èènì, mo ti gbà á rí, mo sì ti fún oníbàárà rí, ṣùgbọ́n èènì tó tóbi tó ọjà fúnra rẹ̀, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Aláàánú ni ẹni tó ni ìsọ̀ yẹn, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. O tún ní wọ́n máa ń kọ ọjọ́ tí oúnjẹ máa kú sí i lára, pé tó bá ku ọjọ́ kan, wọ́n á lẹ bébà yẹ́lò mọ́ ọn, wọ́n á ta á ní ìdajì, ìyẹn lo sì máa ń wá kiri. Mo bi ìyá rẹ pé ta ló ń sọ ọjọ́ náà fún wọn, ó ní kí n yé da òun láàmú. Ṣáà máa tètè jẹ ẹ́.

Káàdì oníbàárà tí wọ́n fún ọ níbẹ̀ ni inú mi dùn sí jù. O ò tíì lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀, ìsọ̀ náà ti ń kọ gbogbo ohun tí o bá rà sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ ohun tó ń jẹ ti di ọmọ ilé nìyẹn. Lọ́jọ́ tí kò bá sówó lọ́wọ́ rẹ, fi káàdì yẹn hàn wọ́n, kí o ní o máa san án lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìmọ̀ràn mi nípa ọjà níná ló wá dùn mí. O ní o tẹ̀ lé e. O gbé àpò ìrẹsì sílẹ̀, o ṣe bí ẹni tí kò rà mọ́, o rọra ń lọ kí wọ́n lè pè ọ́ padà, o rìn títí o fi dé ìta, ẹnikẹ́ni ò pè ọ́. O fi ṣe ẹ̀rín, èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe ń rán bàtà ni mò ń rò ó. Ibi tí oníbàárà ti lè kẹ̀yìn sí ọjà kí wọ́n má pè é, ibẹ̀ á le fún àlejò. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹ̀rọ tí o ní ẹ ń sanwó fún ò sì lójú. Máa kí i náà.

Fọ́tò yàrá rẹ wọlé. Mo fi aṣọ nu fóònù, mo rò pé òtútù ibẹ̀ ló jẹ́ kó ṣú. Àǹtí télọ̀ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ìka méjì fa fọ́tò kó lè tóbi, mo rọra fà á kó má baà ya. Mo rí ẹyin àti tòmátò alágolo rẹ lórí tábìlì. Mo wá rí bàtà rẹ, o dojú rẹ̀ dé sórí irin tó ń mú yàrá móoru, o ń sá a.

Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ogójì ọdún ni mo ti ń rán bàtà, èmi náà mọ díẹ̀. Tuntun lo pe bàtà yẹn, kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ lápá òde, bí tìrẹ ṣe máa ń jẹ nígbà tí o ń fẹsẹ̀ rìn lọ síléèwé. Àárín rẹ̀ ti lu, o ti fi páálí dí i. O sì sọ fún wa pé ọjà tí kò wọ́n yẹn jìnnà sílé rẹ, pé ọkọ̀ lò ń wọ̀ lọ síbẹ̀. Bàtà ẹni tó ń wọkọ̀ kì í jẹ bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà lo fi owó páànù orí ìsọ̀ mi ránṣẹ́, ó pé pérépéré, mo sì ń yọ̀ pé ìlú ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ojú tì mí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo lọ sí báǹkì pé kí wọ́n dá a padà sí ọ. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì gbé fọ́ọ̀mù fún mi, ó ní kí n kọ orúkọ tí ìyá mi ń jẹ́ kó tó lọ́kọ. Mo ní ìyá mi ti lọ́kọ kí n tó mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ la bá a dé. Owó náà wà níbẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án, òjò tó ń jò sí mi lórí ò tíì pa mí.

O mọ̀ pé n kì í parí lẹ́tà láìbèèrè owó, ti oṣù yìí nìyí. Owó tí o bá ti yà sọ́tọ̀ fún wa, fi ra bàtà, kí o fi èyí tó bá kù wọkọ̀. Lẹ́yìn náà, kí o máa ya ìsàlẹ̀ bàtà náà ní fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù. Ìyá rẹ ní fọ́tò ojú rẹ ni kí n bèèrè. Mo ní rárá, ojú rẹ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín fún wa.

Ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ. Wà á jẹ, wà á yó, wà á ṣẹ́ kù. Ọlọ́run á mú ọjà tí kò wọ́n súnmọ́ ilé rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.